Píjò Tó Ń Kú Bó Bá Yà Sọ́tùn-ún

Páńsá ò fura, páńsá jáná. Àjà ò fura, àjà jìn. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe yìí dẹ́rù bà wá lábúlé, débi pé ọmọ kan kì í gba ẹ̀pà lọ́wọ́ àlejò kó má kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fura jù ńkọ́, kí ló ń ṣe é? Àwọn àgbà tó pa òwe ò sọ ìyẹn fún wa. Ẹ jẹ́ n sọ ti Jàmíù.

Jàmíù ni ọ̀gá ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Bẹyẹrúnkà, níbi tí ilẹ̀ ti ń dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti ẹsẹ̀ Òkè Màpó. Ẹni tó mọ àdúgbò yẹn mọ̀ pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Bí ọsàn bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé lókè, ìsàlẹ̀ ni yóò ti lọ bá a. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n bí sórí òkè kì í mọ̀ pé àwọn ń fẹ̀gbẹ́ kan rìn; àlejò nìkan ni orúnkún ń dùn.

Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Adébọ̀wálé, tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ni Jàmíù ti kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ náà ni Olúdayọ̀ ti kọ́ṣẹ́. Jàmíù fi ọdún kan ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, nítorí náà òun ni ẹ̀gbọ́n níṣẹ́, òun sì ni ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀gá kú. Ọdún méjìlélógún ni àwọn méjèèjì ti jọ wà lábẹ́ páànù kan náà. Olúdayọ̀ ló ni inú ẹ́ńjìnì: fáàfù, ríǹgì, gásíkẹ́ẹ̀tì. Jàmíù ló ni kábúrétọ̀. Bó bá tẹ́tí sí ọkọ̀, á sọ fún ọ bóyá epo ló ń mu lámujù ni àbí atẹ́gùn. Àpótí irinṣẹ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ bẹ́ńṣì, kò sí àgádágodo lára ìkankan. Bí Jàmíù bá wá sípánà kan tì, á na ọwọ́ sínú ti Olúdayọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Olúdayọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ọkàn Jàmíù kì í sinmi. Bí wọ́n bá ta búrẹ́dì fún un, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sanwó. Bí ènìyàn bá kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, á máa ro ohun tí onítọ̀hún ń wá. Ọdún tí ọ̀gá wọn kú, bó ti ń palẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́, ó kan òkúta méjì tí epo àti ìdọ̀tí ti bò mọ́lẹ̀ níbi tí ọ̀gá ti máa ń tún kábúrétọ̀ ṣe. Wọ́n pẹlẹbẹ lójú, wọ́n nípọn tó búlọ́ọ̀kù, wọ́n dúdú, wọ́n ń dán fún epo. Jàmíù fa ọwọ́ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ejò.

"Olúdayọ̀! Wá wo ohun tí Bàbá ń bọ!"

Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, epo ẹ́ńjìnì nìyí. Ta ló ń fi epo ẹ́ńjìnì bọ nǹkan?"

"Kí wá ni wọ́n ń fi í ṣe?"

"Èmi náà ò mọ̀. Ṣé Bàbá jẹ́ ká béèrè nǹkan rí ni?"

Òótọ́ ló sọ. Ọ̀gá wọn jẹ́ irú àwọn ọ̀gá àtijọ́ tó gbà pé ojú la fi ń kọ́ṣẹ́, ẹnu kọ́. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló dé?", gbágà ni sípánà á dún lórí rẹ̀. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ tún kábúrétọ̀ ṣe, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ sí ààyè rẹ̀, á ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ lọ fọ irinṣẹ́ ná.

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," Olúdayọ̀ wí. "Bàbá kì í gbé nǹkan síbi kan lásán."

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló jẹ́ kí Jàmíù fura sí i. Ó ní àbí Olúdayọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ ni? Ó ti àwọn òkúta náà sí etí gọ́tà. Sìdí, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ wọn, ló wá kó wọn. Ó tò wọ́n sórí gọ́tà tirẹ̀, ó ń gbà á kọjá wọlé.

"Ẹbọ ni o," Jàmíù kìlọ̀ fún un.

"Ẹbọ ọ̀fẹ́ dára," Sìdí dá a lóhùn. "Ẹ jẹ́ kí àwọn oníbàárà mi máa tẹ ẹbọ mọ́lẹ̀ wọlé. Ó yá ju kí wọ́n máa tẹ ẹrẹ̀."

Ọdún mẹ́ta kọjá. Táksí Ìdí-Arère ń wọlé, ti Mólété ń jáde, kò sẹ́ni tó ráhùn. Àfìgbà tí Tísà Ọládèjì gbé Píjò rẹ̀ dé.

Tísà Ọládèjì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ní Ọjọ́ Ìsinmi, àárín àwọn akọrin ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Sátidé, ẹ̀yìn ìlú ló máa ń wà pẹ̀lú àwọn àgbààgbà tí orí wọn ti funfun bíi tirẹ̀, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ayé àtijọ́ sáré yí pápá kan po. Píjò 504 aláwọ̀ ewé ni tirẹ̀. Kábúrétọ̀ tó bá a wá ò tó o mọ́, ó ní kí ọmọ òun ra òmíràn tó tóbi jù ú lọ ránṣẹ́ láti òkè òkun. Jàmíù ló sì ní kó bá òun gbé e wọ̀ ọ́.

"Jàmíù, ọ̀nà tó lọ tààrà ò ṣòro," Tísà wí. "Ibi tí ojú ọ̀nà bá ti ṣe kọ́lọkọ̀lọ ni ìdíje wà. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ò bá mikàn ní kọ́nà, òun ló ń borí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Á gba kọ́nà bí ejò."

Kí ọ̀rọ̀ má bàa ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ n là á yé yín. Agolo kékeré kan wà lára kábúrétọ̀ tí bẹntiróò ń dúró sí kí ẹ́ńjìnì tó mu ún. Fùlótà ń léfòó lórí epo inú rẹ̀, òun ló ń pàṣẹ pé epo ti tó, kó dúró. Lápá òsì agolo yìí ni ihò kékeré kan wà tí wọ́n fi bóòtù dí. Ẹ tú bóòtù náà wò: bí epo bá kan etí ihò láìdà sílẹ̀, ó pé. Bó bá ń dà, ó pọ̀ jù. Bí ẹ ò bá rí i rárá, ó kéré. Lápá ọ̀tún ni jẹ́ẹ̀tì wà, ìyẹn ẹnu tí ẹ́ńjìnì fi ń mu epo. Ọkọ̀ tó bá sáré yà sọ́tùn-ún, òsì ni epo inú agolo yóò rọ́ lọ, bí omi inú abọ́ tí ọmọdé gbé sáré. Bí epo bá wá kéré, jẹ́ẹ̀tì á fa atẹ́gùn lásán, ẹ́ńjìnì á wúkọ́, á kú. Táksí kì í sáré débi tí èyí á fi ṣe é. Ọkọ̀ ìdíje ló ń ṣe.

Jàmíù gbé ọkọ̀ dúró sí ààyè kábúrétọ̀, níbi tí ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣe é, ó tú ihò, ó tún fùlótà ṣe títí epo fi kan etí ihò géérégé. Tísà gbé e lọ sí pápá. Bó bá yà sósì, ọkọ̀ ń sáré bí ẹtu. Bó bá yà sọ́tùn-ún, ó ń kú.

Ó gbé e padà. Jàmíù yẹ ihò wò, epo pé. Ó pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ tún kú lápá ọ̀tún. Ìgbà kẹta, ojú ti Tísà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, ló bá wa ọkọ̀ lọ sí Mólété, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Abdulmajeed, tó fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí tó ń dán bíi pálọ̀. Ní wákàtí kan, ó ti ṣe é. Tísà gbà á lọ sí pápá tààrà: ọ̀tún dára, òsì dára.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń jò ló dá Píjò náà padà sí Bẹyẹrúnkà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí Tísà ò jẹ́ kí ẹlòmíràn ju Olúdayọ̀ lọ tú ẹ́ńjìnì òun. Mọ́ṣáláṣí ni Jàmíù wà. Olúdayọ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, ó pa á dé. Nígbà tí Jàmíù dé, ojú ìlara ò jẹ́ kó lè ṣe sùúrù. Ó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ Mólété yẹn ṣe tí òun ò mọ̀. Ó tú bóòtù ihò.

Ṣùà! Epo dà sí i lọ́wọ́.

"Tísà, ẹ wá wo nǹkan! Ẹ wo iye epo tó wà nínú rẹ̀! Ẹni tó bá mọ kábúrétọ̀ ò lè ṣe báyìí láé."

Tísà pe Abdulmajeed lórí fóònù, ó gbé ohùn rẹ̀ síta. "Sà, mo fi Ọlọ́run búra," ọmọ náà wí, "etí ihò ni mo fi epo sí. Kò dà rárá. Ẹ̀yin náà ṣáà wà níbẹ̀, ẹ rí i."

"Mo rí i lóòótọ́," Tísà wí.

Jàmíù yí ojú padà díẹ̀díẹ̀. "Láti Mólété dé ìhín, ta ló ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí?"

"Èmi ni," Olúdayọ̀ wí. "Gásíkẹ́ẹ̀tì ni mo—"

"Ó tó! Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ìyẹn ni ọkọ̀ fi ń kú ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣe é tán! Wọ́n rí ọ ní Mólété níjẹta, ìwọ àti Abdulmajeed, ẹ jọ ń mu mínírà."

"Mo lọ ra gásíkẹ́ẹ̀tì, Ẹ̀gbọ́n. Oòrùn mú, ó fún mi ní mínírà. Ṣé kí n dà á nù ni?"

"Kó o bàa lè fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kí àwọn oníbàárà lè máa wọ́ lọ bá a, kí ìwọ náà lè tẹ̀ lé wọn!"

"Èmi?" Ọwọ́ Olúdayọ̀ tó fi ń nu epo dúró. "Ọdún méjìlélógún, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọdún tí mo fi sùn ni mò ń kà yẹn."

Ẹ rò ó wò. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Tísà náà tó fẹ́ràn Olúdayọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Jàmíù ò sì fi mọ níbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ lọ bá ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò. Wọ́n dá ìpàdé sí Mọ́ńdè. Òfin ẹgbẹ́ ò lọ́jú pọ̀ lórí irú èyí: ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ọkọ̀ oníbàárà jẹ́, wọn á gbé àpótí rẹ̀ sójú títì, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ fún un láàyè tí yóò ti gbé jáàkì sílẹ̀, láti Bẹẹrẹ títí dé Mólété. Olúdayọ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Iṣẹ́ mìíràn wo ni yóò tún lọ kọ́? Ó gbé àpótí rẹ̀ lé èjìká, ó gba ọ̀nà Àrẹ̀mọ lọ sílé, kò bá ẹnì kankan jà.

Pé kò jà yìí, òun ni kò jẹ́ kí Jàmíù sùn. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ló dé tí kò pariwo? Bí kò bá sì jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀, kí ló dé tí kò pariwo? Jàmíù pinnu pé òun á wá ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ ò ní lè sẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé, òun àti Tísà wa Píjò náà lọ sí Mólété. Ó dúró lé Abdulmajeed lórí, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ọwọ́ ọmọ náà. Epo kan etí ihò, kò dà. Jàmíù fúnra rẹ̀ dí bóòtù. Ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, ó fi òwú dúdú so ó ní ojú méjì, ó yọ́ àbẹ́là lé orí kókó òwú náà.

"Àáfà," Abdulmajeed ń rẹ́rìn-ín, "ṣé òkú lẹ fẹ́ sin ni?"

"Olè ni mo fẹ́ mú. Ó lè jẹ́ ìwọ."

Jàmíù ló wa ọkọ̀. Kò dúró níbì kankan. Ó dé Bẹyẹrúnkà, ó gbé e sí ààyè kábúrétọ̀, ó yẹ òwú wò: kò já. Àbẹ́là ò sán. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní nísinsìnyí tí Olúdayọ̀ ò sí níbẹ̀, Tísà á rí i pé epo ò ní dà. Ó tú òwú, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú bóòtù.

Ṣùà!

Tísà wò ó. Òun náà wo Tísà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Jàmíù fura sí Abdulmajeed, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ló ṣe é. Ó fura sí Tísà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Tísà jókòó sí. Ó fura sí ọwọ́ ara rẹ̀. Ibi tó dúró sí nìyẹn, bóòtù lọ́wọ́, epo ń kán sílẹ̀, títí ohùn Sìdí fi ta láti ìsàlẹ̀.

"Àáfà Jàmíù! Epo yín tún ti dé ẹnu ọ̀nà mi o! Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sílẹ̀ lókè yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Omi àárọ̀, ọ̀dọ̀ mi. Epo dúdú, ọ̀dọ̀ mi. Bẹntiróò, ọ̀dọ̀ mi. Ṣé èmi ni mo jẹ yín ní gbèsè omi ni?"

Jàmíù wo ilẹ̀. Bẹntiróò náà ti gba abẹ́ ọkọ̀, láti ọ̀tún lọ sí òsì, ó kọjá lẹ́bàá táyà òsì méjèèjì, ó ń sáré lọ bá Sìdí. Ó fi ojú tẹ̀ lé e dé ìsàlẹ̀. Ó rí Sìdí tó dúró, ọwọ́ níbàdí, tó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí òkúta kan, tó gbé èkejì lé orí òkúta kejì.

"Sìdí," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, "sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta yẹn."

"Ẹ̀ẹ́n? Ẹbọ yín tẹ́ ẹ ní kí n má gbé?"

"Jọ̀ọ́. Sọ̀ kalẹ̀."

Ó gbé òkúta àkọ́kọ́, ó fi ibọ́sẹ̀ tó ti gbó nu ún. Abẹ́ ìdọ̀tí ni ojú táyà wà, ìlà rẹ̀ hàn ketekete, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka tẹ àmọ̀. Ogún ọdún, àti iye ọdún tí kò mọ̀ ṣáájú ìyẹn, ni táyà fi gun òkúta yìí. Ó gbé e lọ síwájú táyà òsì iwájú. Ó gbé èkejì síwájú ti ẹ̀yìn. Ó wọnú ọkọ̀, ó rọra tẹ̀ ẹ́ gùn wọ́n. Píjò tó ti ń fẹ̀gbẹ́ dúró láti àárọ̀ dìde, ó dúró ṣánṣán bí àgbà tó rántí ara rẹ̀.

Ó tún tú bóòtù. Epo kan etí ihò. Kò dà.

Tísà bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ gbá orí ọkọ̀. "Ilẹ̀ ni! Jàmíù, ilẹ̀ ló dagun! Níbi tó ti dagun sápá ihò, bó o bá ní epo kan etí ihò, irọ́ ni, ó kéré! Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, mo dúró lórí ilẹ̀ yìí, mi ò rí i!"

Jàmíù ò rẹ́rìn-ín. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Òkò tirẹ̀ kò tilẹ̀ tíì dé ilẹ̀: Mọ́ńdè ni ìpàdé.

Ó lè lọ bá Olúdayọ̀ ní Àrẹ̀mọ ní ìdákẹ́jẹ́, kó ní kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ó ro èyí dáadáa. Àmọ́ gbangba ló ti fẹ̀sùn kàn án. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ó dìde láàárín ẹgbẹ́, nǹkan bí ogójì mẹkáníìkì, Olúdayọ̀ jókòó sẹ́yìn pátápátá pẹ̀lú àpótí rẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjì, bí ẹni tó ti múra ìrìn àjò.

"Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi," Jàmíù wí, "olè tí mo ní mo mú, èmi ni. Mo kó òkúta ọ̀gá mi dànù torí mo ní ẹbọ ni. Òkúta náà ló ń mú ọkọ̀ dúró gún. Olúdayọ̀ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé Bàbá kì í gbé nǹkan síbi kan lásán. Mo fura sí i torí pé ó sọ òótọ́."

Ẹnì kan láàárín wọn pariwo, "Kábúrétọ̀ lo kọ́, o ò kọ́ ilẹ̀!" Ẹ̀rín sọ. Jàmíù rìn la àárín wọn kọjá, ó lóṣòó síwájú ẹni tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ̀rín dá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde," Olúdayọ̀ wí kíákíá. "Ẹ dìde, ẹ̀gàn ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ṣẹ́. Ó ti tán."

Olúdayọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Túsìdeè. Ní Sátidé, Tísà fi Píjò rẹ̀ gba ipò kejì, ó sì ní ọkọ̀ tó ṣe ipò kìíní kì í ṣe arúgbó tòótọ́. Sìdí gba búlọ́ọ̀kù tuntun mẹ́rin dípò òkúta rẹ̀, ó ní wọn ò dára tó ẹbọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Jàmíù tẹ orí bọ inú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ kan, ó nílò sípánà nọ́ńbà mẹ́wàá. Láìwo ẹ̀yìn, ó na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ńṣì, sínú àpótí Olúdayọ̀. Irin tútù ló bá pàdé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó: àgádágodo tuntun, ó ń dán, ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á ò tíì kúrò lára rẹ̀ tán.

Olúdayọ̀ ti rí i. Ó sáré wá, ó ń nu ọwọ́, ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó ṣí àpótí, ó mú nọ́ńbà mẹ́wàá, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un bó ṣe yẹ kí àbúrò ṣe. Lẹ́yìn náà, ó tì í padà. Kẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "bẹ́ ẹ bá tún nílò òmíràn, ẹ ṣáà pè mí."